Nọ́ńbà Tí Wọ́n Tẹ̀ Sórí Wọ́kítọ́kì Kì Í Wá Ẹnì Kan Lọ

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́kítọ́kì díjítà tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lójú ò yàtọ̀ sí fóònù: ẹ tẹ nọ́ńbà, yóò lọ bá ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ sì di ti ẹ̀yin méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà náà á kàn jókòó sójú ẹ̀rọ títí wọ́n á fi tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá sì jáde, gbogbo wọ́kítọ́kì tó wà lórí ìkànnì yẹn nítòsí ló ń gbà á.

Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde rí, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ti fojú rí i. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú á pe rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan lórúkọ. Gbogbo pápá ló gbọ́. Àmọ́ àwọn tó lorúkọ nìkan ló ń dìde, tí wọ́n ń tún gèlè àti fìlà ṣe, tí wọ́n ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀. Àwọn yòókù ò díjú, wọn ò dití. Wọ́n mọ̀ pé kò tíì kàn wọ́n ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́kítọ́kì tó ń tẹ̀lé ìlànà DMR (Digital Mobile Radio, ìlànà wọ́kítọ́kì díjítà), èyí tí ETSI, àjọ tó ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Yúróòpù, gbé jáde lọ́dún 2005, ṣe ń ṣe: gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbà á, àmọ́ èyí tí nọ́ńbà kàn nìkan ló ń sọ ọ́ síta. Nọ́ńbà ẹni tí wọ́n ń pè àti ti ẹni tó ń pè ló ń ṣáájú ohùn, pẹ̀lú àmì kan tó ń sọ bóyá ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè tàbí ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà 9 ti ẹgbẹ́ fi yàtọ̀ sí nọ́ńbà 9 ti ẹnì kan. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, # ni wọ́n fi ń yí láti ọ̀kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ "mo pè ẹ́, o ò dáhùn" ti ń wá.

Ibi tí ọgbọ́n wà jù nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé àárín ńkọ́? Ẹ wo onígàngan. Kì í pe oríkì ẹni tó ń lù fún lẹ́ẹ̀kan kó wá pa á tì. Ó ń kì í bọ inú ìlù ni, ó ń kì í bọ ijó, débi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọ pápá ò ní béèrè ta ni wọ́n ń lù fún. DMR náà ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, mẹ́fà ló ń pé mílísẹ́kọ́ǹdù 360. Wọ́n pín nọ́ńbà sí mẹ́rin, wọ́n sì há a sínú mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn, léraléra, títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, ẹni tó pẹ́ dé ti mọ̀ bóyá òun ni. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ pé ènìyàn máa ń pẹ́ dé lèyí.

Orúkọ tí wọ́n fún pípe ẹnì kan ṣoṣo ni kò dáa: ìpè àdáni. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti tò pé kó má wo nọ́ńbà á gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete, àfi bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àdììtú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Akápò gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó bá tẹ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀, tó wá ń ka iye owó tó wà nínú àpò fún un, pápá ló ń kà á fún.