Bí eegun ẹyẹ ṣe ń tú àṣírí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀

Ẹni tó bá ti jẹ apá adìyẹ rí mọ̀ pé ṣóńṣó rẹ̀ kò ní ẹran; awọ àti iṣan lásán ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, apá yìí gan-an ni ojú àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń lọ tí wọ́n bá hú eegun ẹyẹ jáde nínú ihò àpáta tí àwọn èèyàn fi ṣelé kí ìwé kíkọ tó dáyé.

Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ẹni tó gbé ẹyẹ náà wọlé, torí òwìwí àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ń gbé inú ihò. Eegun tí òwìwí bá gbé mì tó sì pọ̀ jáde, oje inú rẹ̀ á ti jẹ ẹ́ lára. Eyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á dá kòtò roboto sí i. Ọ̀bẹ òkúta ní tirẹ̀ á fa ilà tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ oríkèé, níbi tí ẹni tó ń kun ẹran ti ń wá ọ̀nà àtigé iṣan. Ọwọ́ lásán pàápàá ń fi àmì sílẹ̀: bí a bá fi agbára ká oríkèé àárín apá sẹ́yìn kó lè já, orí eegun kan lè gún èkejì kó sì dá a lu.

Lẹ́yìn èyí, ó ku ibi tí ilà ọ̀bẹ bọ́ sí. Tó bá wà lára itan àti àyà, tí iná sì ra eegun, oúnjẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ihò Gorham ní Gibraltar, níbi tí àwọn Neanderthal, ẹ̀yà èèyàn àtijọ́ kan tó ti kú run, ti ń sun ẹyẹlé orí àpáta jẹ láti nǹkan bí ọdún 67,000 sẹ́yìn. Irú ẹyẹlé yìí ni baba ńlá èyí tí à ń sìn nílé lónìí. Ṣùgbọ́n nínú ihò Fumane ní Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 44,000 sẹ́yìn, eegun apá ni ọ̀bẹ ti kọjá, títí kan ti igún onírùngbọ̀n. Ẹran wo ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Ìyẹ́ ni wọ́n ń yọ. Yorùbá tó ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, á tètè gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni à ń torí ọbẹ̀ wá.

Ní Krapina, ní Croatia, èékánná idì mẹ́jọ ni, ó ti tó nǹkan bí ọdún 130,000. Ojú ọ̀bẹ wà lára wọn, wọ́n sì dán níbi tí ọ̀kan ti ń ha èkejì, bíi ti ohun tí a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Èyí tó wúni lórí jù ni fèrè. Eegun apá ẹyẹ ńlá ṣófo, ó fúyẹ́, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí a bá ti gé orí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀pá fèrè ti délẹ̀. Ní 2008, wọ́n hú irú fèrè bẹ́ẹ̀ nínú ihò Hohle Fels ní Jámánì. Eegun apá igún ni, ó ti fọ́ sí ọ̀nà méjìlá. Nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 22, kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ, ihò ìka márùn-ún sì wà lára rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 35,000. Ilà wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò náà, tó jọ pé ẹni tó ṣe é fi wọn ibi tí ìka máa bà lé kó tó dá wọn lu.

Ní Jiahu, ní Ṣáínà, ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan agùfọn ni wọ́n lo eegun apá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn fèrè náà ṣì ń dún títí dòní. Ihò méje ló ní, ihò kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje, tó jọ pé wọ́n fi tún ohùn tó ṣì ṣe.