Mọ́tọ̀ Kọ́ Ló Ń Fa Ẹsẹ̀

Àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá ní agbègbè Asa Dam níbí, n'Ílọrin, a máa sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ń gé ọ̀rá dáadáa o, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ bọ́tìnì, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó dáhùn." Ẹlòmíràn á ti ra mọ́tọ̀ tuntun, èyí tó ń yí ẹ̀rọ náà, kó tó pè mí. Owó ti ṣòfò nìyẹn.

Kọ̀ntírólà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí àwọn mọ́tọ̀ náà, ní prógíráàmù (àwọn àṣẹ tí a kọ fún un) púpọ̀ nínú. Ọ̀kan ń darí ọ̀bẹ, òmíràn ń ka ọ̀rá, òmíràn ń ṣọ́ bọ́tìnì. Wọn kì í sábà ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kíákíá débi pé ojú wa kò rí i.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kì í tò sórí ìlà: ìṣirò tó ń wo ibi tí mọ́tọ̀ dé, tó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà, ó ń wáyé ní nǹkan bí ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àsìkò rẹ̀ bá tó, prógíráàmù yòókù á yà fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ fi ń gé déédéé nígbà tí bọ́tìnì ń tòògbé.

Àsìkò tó bá ṣẹ́ kù ni àwọn yòókù ń pín. Ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà tí ilé-iṣẹ́ Galil ń ṣe lè gbé prógíráàmù 8 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń ka ìlà àṣẹ kọ̀ọ̀kan nínú wọn yípo, bí ìyá tó ń bu ọbẹ̀ síbí kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Oríṣi kọ̀ntírólà mìíràn ń to prógíráàmù ní ipò-ní-ipò, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Prógíráàmù onípò gíga tó ń bèèrè ṣáá pé "Ṣé ọ̀rá ti dé? Ṣé ó ti dé?" láìsinmi lè gba gbogbo àyè, kí bọ́tìnì má rí nǹkan kan. Ẹ ní kí ẹni tó kọ prógíráàmù yín fi ìdúró díẹ̀ sáàárín ìbéèrè náà. Ìdá 5 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan sábà máa ń tó. Kó má sì gbé gbogbo wọn sípò gíga o! Mo máa ń rí i, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ti bọ́tìnì pupa tí a fi ń pa ẹ̀rọ ní pàjáwìrì yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúró de prógíráàmù kankan. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí rílè, ìyẹn suwíìṣì oníná tó ń gé iná mọ́tọ̀. Èyí kò ní ìdúnàádúrà nínú.