Ohun Tí Ṣúgà Ń Wá Nínú Omi Oníyọ̀

Tí òjò bá ti dé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń da àwọn ọmọdé láàmú, ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá kì í yéé bi àwa òṣìṣẹ́ ìlera: bó bá jẹ́ omi àti iyọ̀ ni ọmọ ń yà dànù, kí ni ṣúgà ń wá nínú omi tí ẹ ní kí a pò fún un? Inú ètò àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ìfun ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ìpele kan ṣoṣo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin. Òkè wọn, tó kọjú sí oúnjẹ, hu irun wẹ́wẹ́ bíi ti búrọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ wọn jókòó lórí awọ fẹ́lẹ́ kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Lókè, purotéènì kan wà tí kì í gba sódíọ̀mù inú iyọ̀ wọlé àfi bí gúlúkóòsì inú ṣúgà bá bá a rìn, sódíọ̀mù 2 fún gúlúkóòsì 1. Nísàlẹ̀, purotéènì mìíràn ń ti sódíọ̀mù 3 jáde síhà ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń fa pọ̀táṣíọ̀mù 2 wọlé. Omi a sì tẹ̀ lé e. Májèlé onígbáméjì ń mú kí òkè sẹ́ẹ̀lì máa da iyọ̀ àti omi sínú ìfun, ṣùgbọ́n kì í ba ọ̀nà gúlúkóòsì yìí jẹ́. Omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìmu-tíì 6 àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí ìmu-tíì kan náà ni kí ẹ pò, kí ṣíbí má kún ju ẹnu lọ. Ẹ má fi kún ṣúgà nítorí pé ọmọ fẹ́ràn adùn, torí àpọ̀jù rẹ̀ a tún máa fa omi sínú ìfun.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀? Ibi tó ti kan awọ fẹ́lẹ́ yẹn ló ń kà sí ìsàlẹ̀, ibi tó ti kan aládùúgbò rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́, ibi tí kò kan sẹ́ẹ̀lì kankan ló sì ń di òkè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ purotéènì méjì á pín ara sẹ́ẹ̀lì mọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa lé èkejì: bí Par-1, purotéènì ìsàlẹ̀, bá yà sókè, aPKC, purotéènì òkè tó wà níbẹ̀, á lẹ fósíféètì, èròjà kékeré kan, mọ́ ọn lára, kò sì ní lè di etí sẹ́ẹ̀lì mú mọ́, bí Par-3, tó jẹ́ ti òkè, náà bá sọ̀ kalẹ̀, Par-1 á ṣe é bákan náà. Ara aràn inú ilẹ̀ kan, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kenneth Kemphues àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàwárí àwọn jíìnì Par, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe irú purotéènì wọ̀nyí, ní 1988, ó sì ṣì ń yà mí lẹ́nu pé irú wọn náà ló ń bẹ lára wa.

Ìléra-ẹni-kiri yìí kì í parí níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà láàyè. Purotéènì tuntun ni a óò máa dì sínú àpò wẹ́wẹ́, tí a óò máa fi ránṣẹ́ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ bó ti yẹ. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù nínú jíìnì MYO5B, tí purotéènì rẹ̀ máa ń bá sẹ́ẹ̀lì gbé àpò lọ sókè. Irun wẹ́wẹ́ náà a há sínú sẹ́ẹ̀lì, ìgbẹ́ gbuuru a sì bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí a bí wọn. Omi oníyọ̀ kò lè wo irú èyí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń fún wọn lóúnjẹ. Nítorí náà, ọmọ tuntun tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.