Àgùnbánirọ̀ kì í ṣe sójà

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, pé ìjọba Nàìjíríà ń fi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ (NYSC), ìyẹn ìsìnlú ọdún kan tí àwọn tó jáde yunifásítì tàbí pólì ń ṣe, kó ọmọ ọlọ́mọ wọ iṣẹ́ ológun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tí wọ́n ń ta gàrí lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, na fóònù sí mi. Ọmọ àbúrò wọn ní Ìlárá, lápá ti Nàìjíríà, ló wà nínú fọ́tò náà: kákí, bàtà sójà, fìlà. Ìyá fi ìka tí gàrí bò fẹ àwòrán náà lójú. “Wò ó, wọ́n ti mú un lọ!”

Mi ò ní í pẹ́ lórí aṣọ: aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Lóòótọ́, sójà wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn ní máàṣì ní ibùdó, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Lẹ́yìn ẹ̀, iléèwé ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wọn sí láti lọ ṣe tíṣà.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ènìyàn kò bi ara wọn léèrè irú ẹni tí ológun ń wá. Ẹni tó fẹ́ wọlé bíi kúrúùtù lásán, ìyẹn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ìwé ẹ̀rí girama ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ìkéde wọn sì máa ń sọ pé kó má ju ọmọ ọdún 22 lọ. Àgùnbánirọ̀ ti gba dìgírì tàbí HND, ìwé ẹ̀rí gíga ti pólì. Pẹ̀lú bí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe máa ń yanṣẹ́ lódì níbẹ̀, mélòó nínú wọn ló ń jáde kí wọ́n tó ju 22 lọ?

Àwọn mìíràn á tún yí i padà, wọ́n á ní iṣẹ́ ìsìnlú tó rọrùn ni kò jẹ́ kí ológun rí ọ̀dọ́ gbà mọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: ní 2022, iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn ń wá ẹni 60,000 tuntun, bíi 45,000 ni wọ́n rí. Ṣé AmeriCorps, ètò ìsìnlú tiwọn tó ti wà láti 1993, ló wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn tó kù jẹ lọ́dún yẹn? Iléeṣẹ́ ààbò wọn fúnra ẹ̀ ló ṣèwádìí pé 77 nínú 100 ọ̀dọ́ ni kò yẹ fún ológun bí wọn ò bá fojú fo àléébù wọn: sísanra jù, oògùn olóró, àìlera.

Mi ò ní kò sí ìsopọ̀ rárá o. Ẹni tó ti jáde yunifásítì tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú ọmọ ogun Nàìjíríà, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lè jẹ́ ibùdó ni iṣẹ́ ológun ti kọ́kọ́ wu àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló máa lọ kanlẹ̀kùn.

Kí ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ti òdì kejì ààlà wá pé òun ń ta fọ́ọ̀mù ológun, tàbí pé kí ẹ mówó wá kí wọ́n má baà gbé ọmọ yín lọ ojú ogun. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ìyá alágàrí ti ń bi mí pé séfà mélòó ni wọ́n máa ń gbà.