Ilé olódi ni ilé Pazin, kì í ṣe ààfin

Ó ti sú mi bí àwọn kan ṣe ń pe gbogbo ilé òkúta àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí Òyìnbó ń pè ní "castle" ní "ààfin" lédè Yorùbá. Ààfin ni ilé ọba. Ọba Pazin wá dà?

Ìlú kan ni Pazin, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Istria, lórílẹ̀-èdè Kroatíà, ibẹ̀ sì ni ilé òkúta tí mò ń sọ wà. Ọdún 983 ni orúkọ ilé yìí ti kọ́kọ́ jẹ yọ nínú ìwé, nígbà tí Otto Kejì, olú-ọba Róòmù Mímọ́, fọwọ́ sí i pé bíṣọ́ọ̀bù Poreč ló ni ín. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjòyè Gorizia, ó sì di ogún ìdílé Habsburg, àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Austria, ní ọdún 1374. Àwọn Habsburg yìí kò fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé o. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀ kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì nílò owó, wọ́n á fi ilé náà àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dógò fún olówó. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ààfin dógò?

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú kọ ọ́ ní "kásù", kí gbogbo wa sinmi. Ẹ gbà mí! Yorùbá wo ló máa rí kásù lójú ìwé tí kò ní rò pé èso tí wọ́n ń yan tà lójú títì ni? Àwọn tó ń pè é ní "ilé ìṣọ́" sàn díẹ̀, àmọ́ ilé ìṣọ́ kò ju ibi tí aṣọ́nà ń dúró sí lọ.

Ilé olódi ni tèmi. Àwọn tó ń bá mi jà sọ pé ìlú ni odi wà fún, kì í ṣe ilé. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi sọ pé *ilé*. Dubrovnik, ní etí òkun Kroatíà kan náà, ìlú olódi ni: odi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé aráàlú ló sì wà nínú rẹ̀. Ti Pazin yàtọ̀. Ẹ wo ahun: kì í kọ́lé tán kó tó wá mọ odi yí i ká. Ilé rẹ̀ náà ni odi rẹ̀. Bí ọ̀tá bá dé, á fa orí wọlé, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé olódi. Ní Pazin, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ẹ̀yìn wọn ni ọ̀tá ń bá pàdé. Ní apá kan, ògiri dúró sí bèbè ọ̀gbun tó jìn ju 100 mítà lọ, níbi tí odò Pazinčica ti ń rì wọ inú ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, kó wá gbìyànjú.

Àwọn elédè Jámánì tó ṣàkóso Pazin mọ ohun tí wọ́n ń wí: Mitterburg ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìyẹn ilé olódi àárín. Wọn ò dárúkọ ọba. Àwọn kan á tún ní kí n ya ilé olódi sọ́tọ̀ kúrò lára àgọ́ ológun olódi. Èmi ò ráyè ìyẹn.

Ìdílé Montecuccoli ra ilé náà àti ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1766, ọwọ́ wọn ló sì wà títí ogun àgbáyé kejì fi parí ní 1945. Láti ọdún 1962 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Istria ti wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Pazin náà sì wà níbẹ̀, tòun ti àwọn agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ Istria. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju ilé olódi lọ, kó gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.