Ẹ́ńjìnnì géèmù wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù mú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́, ó sì ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ kóòdù. Mo fẹ́ ṣe géèmù ti ara mi, mo sì ń wá ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù. Àwọn kan ní Unity ni kí n mú, àwọn kan ní Unreal, àwọn mìíràn ní Godot. RAM kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ibi tó ń fi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kò ju gígábáìtì 4 lọ. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Godot ni kí o mú, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ rẹ ló sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. RAM gígábáìtì 32 ni Epic Games, tó ni Unreal, dámọ̀ràn fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Unity fúyẹ́ jù ú lọ, síbẹ̀ yóò ni kọ̀ǹpútà rẹ lára. Ní ti Godot, kò tó ìdajì gígábáìtì láti gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí dátà sì wọ́n dé yìí, nǹkan ńlá nìyẹn. Nígbà tí o bá ń ṣí iṣẹ́ tuntun, yan “Compatibility”, nítorí òun ni wọ́n ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà tí agbára wọn kò pọ̀.

Ìbéèrè: Kí gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń ṣe tí èmi kò lè fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Ìdáhùn: O lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò gbà ọ́ ní ọdún púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tó ń gbọ́ bọ́tìnì tí o tẹ̀, tó ń gbé ohùn jáde, tó sì ń mọ̀ nígbà tí nǹkan méjì bá kọlu ara wọn. Ó sì sábà máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Bí o bá ní kí bọ́ọ̀lù sún síwájú ní píksẹ́lì 3 (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà) nígbàkúùgbà tí a bá ya àwòrán, yóò rin 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń yà á ní ìgbà 60. Lórí tìrẹ, bó bá jẹ́ ìgbà 20 ló lè yà á, 60 péré ni yóò rìn. Nítorí náà ni a fi ń kọ ọ́ báyìí: position.x += 180 * delta. Position.x ni ibi tí bọ́ọ̀lù wà láti òsì sí ọ̀tún, += sì ń fi kún un. Delta ni àkókò tó kọjá láti ìgbà tí a ti ya àwòrán kẹ́yìn, òun ló sì ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn rìn bákan náà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo.

Ìbéèrè: Géèmù wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ayò ọlọ́pọ́n. Ilé 12 ló ní, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Nínú kóòdù, nọ́ńbà 12 tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni gbogbo ọpọ́n náà. Bí o bá ń fún ọmọ ayò, tí o sì wà ní ilé i, ilé tó kàn ni (i + 1) % 12; àmì % ń sọ iye tó kù lẹ́yìn pípín. Òdo ni òǹkà kóòdù ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 11 ni ilé ìkẹyìn. 11 pẹ̀lú 1 di 12, bí o bá fi 12 pín in, kò ní ku nǹkan kan, o sì ti padà sí ilé àkọ́kọ́. Jẹ́ kí fífún yìí gún régé kí o tó kọ òfin jíjẹ. Lẹ́yìn náà, gbé e tọ ọ̀ta ayò kan lọ ní àdúgbò rẹ, nítorí kíá ni yóò rí ibi tí kóòdù rẹ ti rú òfin.

Ìbéèrè: Tí mo bá wá fẹ́ lọ sórí Unity lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Ìdáhùn: C# ni Unity ń lò, C++ ni Unreal ń lò, GDScript tó jọ Python sì ni ti Godot. Wàá tún kọ́ èdè tuntun àti bí a ṣe ń lo ẹ́ńjìnnì náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí o ti mọ̀ yóò bá ọ lọ. Delta wà nínú gbogbo wọn. Ti owó náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023, Unity kéde pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn èèyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ wọn. Ariwo pọ̀, wọ́n sì fagi lé e ní ọdún 2024. Ìwé àṣẹ MIT, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ni Godot ní tirẹ̀ ń lò, nítorí náà, bí o bá ta ayò rẹ, gbogbo owó tí o bá pa níbẹ̀, kò sí ìdá kankan tí o jẹ Godot nínú rẹ̀.