Ọ̀rá tó ń mí: ohun tó wà nídìí bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀fọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó rí kùkúmbà tí wọ́n fi ọ̀rá wé pinpin, ìbéèrè kan ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀: ṣé kùkúmbà ò ní awọ tirẹ̀ ni? Ìbéèrè náà dára. Èsì tí wọ́n máa ń fún un ni ìṣòro. Àwọn kan á ní torí ìdọ̀tí ni. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n lè fowó lé ọjà ni. Àwọn tó pọ̀ jù á ní kí atẹ́gùn má baà wọlé ni, nítorí pé atẹ́gùn ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló burú jù, nítorí òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n bá fi ọ̀rá dí pa, tí atẹ́gùn kò ráyè wọlé rárá, á ti bàjẹ́ kó tó délé ẹni tó rà á.

Ẹ̀fọ́ tí wọ́n já lóko kò tíì kú. Ó ti kúrò lórí gbòǹgbò, ilẹ̀ kò fún un lómi mọ́, àmọ́ ó ṣì ń mí. Ó ń fa ọ́síjìn sínú, ó ń fi í jó ṣúgà tó ti kó pamọ́ sára, ó sì ń tú omi, ooru àti kábọ́nì-dáyọ́sáìdì jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tí àwa náà ń mí síta. Ó dà bí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń jẹ owó tó ti fi pamọ́: bó bá ṣe ń ná an kíákíá tó ni yóò ṣe tètè tán. Iṣẹ́ ẹni tó ń di ẹ̀fọ́ kò ju pé kó dín ìnáwó yẹn kù lọ, láìjẹ́ kó dúró pátápátá.

Ìnáwó wọn kò sì dọ́gba. Ní ibi tó tutù dé 5°C, kílò kan pòtétò tàbí àlùbọ́sà kì í tú ju mílígíráàmù 5 sí 10 kábọ́nì-dáyọ́sáìdì jáde ní wákàtí kan. Sítírọ́bẹ́rì á tú 20 sí 40. Olú, bùrókólì àti sípínáṣì máa ń kọjá 60. Ìdí nìyẹn tí àlùbọ́sà fi ń wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí olú kì í sì í tọ́jọ́.

Ká wá fojú inú wo yàrá kan nínú ilé fésì-mí-àì-fésì-yú, èèyàn mẹ́jọ nínú rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo. Bí fèrèsé bá ṣí gbayawu, ojú gbogbo wọn á dá, wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa jẹun, owó á máa lọ. Bí onílé bá kan fèrèsé pa, òkú ló máa bá láàárọ̀. Àmọ́ bó bá mọ ìwọ̀n tó yẹ kó ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá á wúwo díẹ̀, oorun á kùn wọ́n, wọn ò ní kú, wọn ò sì ní lókun láti náwó. Onílé yìí ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá. Kò ní ẹ̀rọ nínú yàrá, kò ní bátìrì, kò sí aṣọ́nà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ayálégbé fúnra wọn ló ń mí ọ́síjìn yàrá náà wálẹ̀ títí èyí tó ń wọlé á fi bá èyí tí wọ́n ń lò mu, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Nínú gbogbo ohun tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, bóyá ni nǹkan kan wà tó gbọ́n tó báyìí tí owó rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ni pé ayálégbé yàtọ̀ sí ayálégbé. Pòtétò ni bàbá àgbà tó ti sùn láti aago méje alẹ́. Sípínáṣì ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti pápá bọ́ọ̀lù. Onílé tó bá gbé ọmọ yìí sí yàrá bàbá àgbà ti pa ọmọ ọlọ́mọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe fèrèsé náà rèé. Ọ̀rá pólítín, irú èyí tí wọ́n ń rọ píọ̀ wọ́tà sí, kì í dí tó bí a ṣe rò. Ọ́síjìn ń gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, kábọ́nì-dáyọ́sáìdì sì ń gbà á kọjá ní ìlọ́po 3 sí 5 iye yẹn. Èyí tó fún àwọn tí kì í mí púpọ̀. Fún bùrókólì, kò tó rárá, nítorí náà wọ́n á fi iná léésà lu ihò sí ọ̀rá náà. Ihò ọ̀hún kì í sábà fẹ̀ ju màíkírọ́ọ̀nù 50 sí 200 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́nrán irun orí kan nípọn tó bíi 70. Ó ṣòro fún ojú lásán láti rí i. Wọn kì í sì í lu ihò náà bó ṣe wù wọ́n: irú ẹ̀fọ́, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, bí ọ̀rá ṣe fẹ̀ tó àti bí òtútù ibi tó ń lọ ṣe tó ni wọ́n fi ń ṣírò iye ihò. Nígbà tí ìṣirò ti pé tán, ẹnì kan ní ilé ìdi-ẹ̀fọ́ á wá lẹ ìwé iye owó mọ́ orí ihò mẹ́ta nínú wọn. Ẹ̀fọ́ á rà, wọ́n á sì ní àgbẹ̀ ló ta ọjà burúkú fáwọn.

Ihò tún ní ìwà kan tí pólítín kò ní. Ọ́síjìn àti kábọ́nì-dáyọ́sáìdì ń gba inú ihò kọjá bákan náà, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, kò sí ojúsàájú. Nítorí náà, bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ láti 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí 5, kábọ́nì-dáyọ́sáìdì á gòkè sí nǹkan bíi 15. Sítírọ́bẹ́rì fẹ́ràn èyí, torí 15 sí 20 ń dá èbu dúró lára rẹ̀. Létúùsì odindi kò fẹ́ ẹ: àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ á yọ lára ewé rẹ̀. Létúùsì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ tún yàtọ̀. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ló máa ń pọ́n, ọ́síjìn ló sì ń fà á, nítorí náà wọ́n á fẹ́ náítírójìn sínú ọ̀rá kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Náítírójìn kì í ṣe oògùn. Òun ló kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Àwọn tó ń pín i kiri pé “kẹ́míkà ni wọ́n fín sínú ọ̀rá sàláàdì” ì bá kọ́kọ́ bẹ̀rù afẹ́fẹ́ ìta ilé wọn.

Ibi tí ètò yìí ti ń dà rú ni ooru. Bí ooru bá fi 10°C lé sí i, mímí ẹ̀fọ́ á di ìlọ́po 2 tàbí 3. Ihò kò ní fẹ̀ sí i. Ẹ padà sí yàrá wa: iná lọ, fáànù dúró, èèyàn mẹ́jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, fèrèsé sì wà bí onílé ṣe fi í sílẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ ju 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ̀fọ́ á yí ọ̀nà ìmí rẹ̀ padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà ara rẹ̀ di ọtí. Ọtí gidi ni, irú èyí tó wà nínú ẹmu. Òórùn kíkan tó máa ń jáde nígbà tí èèyàn bá ya ọ̀rá sàláàdì tó ti wú bí bàlúù, òun nìyẹn. Ọ̀rá tí wọ́n ṣírò fún 4°C, pàkúté ló jẹ́ ní 25°C. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí ilé ìtajà tí iná rẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ gbé irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wá láti òkèèrè nítorí ẹwà. Ihò gbàǹgbà-gbàǹgbà tí èèyàn lè fi ojú rí sàn fún un.

Omi ni ọ̀ràn kejì, òun ló sì kan kùkúmbà. Nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kùkúmbà ni omi. Èyí gígùn tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní Mile 12 nípọn láwọ jù ú lọ. Ní ìgbà òtútù, láti Almería ní gúúsù Sípéènì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ó sì ń lò tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú tírélà. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Wọ́n á wé e, wọ́n á tì í gba inú afẹ́fẹ́ gbígbóná, ọ̀rá á sún kì, á di awọ kejì. Ní Amẹ́ríkà, ìda ni wọ́n ń fi pa kùkúmbà kúkúrú lára fún iṣẹ́ kan náà.

Ṣé ó tó nǹkan? Ní ọdún 2022, ilé ìwádìí Empa ní Swítsàlandì ṣírò rẹ̀ fún kùkúmbà tó ń ti Sípéènì bọ̀. Wọ́n rí i pé ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìpalára tí kùkúmbà kan ń ṣe fún àyíká ló wá láti ara ọ̀rá, àti pé kùkúmbà kan tí wọ́n bá dà nù ba àyíká jẹ́ tó ọ̀rá kùkúmbà 93. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ WRAP ní Bìrìtìkó, tó ń gbógun ti ìfoúnjẹṣòfò àti ìdọ̀tí, dán ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bùrókólì, pòtétò àti kùkúmbà wò, tí wọ́n sì ní ọ̀rá kì í sábà fi ọjọ́ gidi kún wọn, kí ilé ìtajà máa tà wọ́n bẹ́ẹ̀ láìdì. Àwọn èèyàn mú ọ̀kan, wọ́n fi gbéjà ko èkejì. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀nà Sípéènì àti orí igbá ilé ìtajà ni Empa wọ̀n. Ìdáná oníbàárà ni WRAP wọ̀n, níbi tí fìríìjì tó tutù dáadáa ti ń ṣe ju ọ̀rá lọ. Wọ́n tún kíyè sí ohun kan tí kò kan mímí rárá: ẹni tó ń dá gbé, tó nílò pòtétò mẹ́ta, tí wọ́n fi ọ̀rá di kílò 2 fún, á jẹ mẹ́ta, á da ìyókù nù.

Àwọn ìyá alóbì ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Obì tí wọ́n bá tẹ́ síta á gbẹ, á sì rún. Èyí tí wọ́n bá dí pa, èbu á bò ó. Wọ́n ń tẹ́ ewé tútù sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kó obì lé e, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á sì máa ṣí i yẹ̀ wò láti ṣa èyí tó ti ń bàjẹ́ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ ewé tó bá ti gbẹ. Ewé gba omi dúró, ojú ìṣẹ́po rẹ̀ sì jẹ́ kí obì mí. Ohun tí ewé kò ní ni ìwọ̀n: ewé méjì kì í fẹ̀ bákan náà, ọwọ́ ìyá alóbì ló ń ṣe ìṣirò lójoojúmọ́. Tírélà tó ń ti Almería bọ̀ kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú.

Ọ̀rá tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n ń pè ní PLA, ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń sá tọ̀ báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé ó ń jẹrà. Ó ń jẹrà lóòótọ́, ní ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀, níbi tí ooru ti ń dúró ní nǹkan bíi 58°C fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú gọ́tà tàbí lórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ó sì jọ ọ̀rá lásán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ṣa ọ̀rá fún àtúnlò fi lè kó wọn pọ̀, kí èyí sì ba èkejì jẹ́. Àǹfààní gidi tó ní ni èyí tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ: oru omi ń gba ara rẹ̀ kọjá ju ti pólítín lọ. Ìyẹn burú fún létúùsì, tó máa rọ, ó sì dára fún olú, tí omi tó ń sun sára ọ̀rá máa ń sọ di yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀. Ní ti abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń gbé ẹ̀fọ́ lé ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Èkó kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó kéde òfin tó dè é ní oṣù Kìíní 2024, kò bá ẹ̀fọ́ mí, kò gba omi rẹ̀ dúró. Ó kàn gbé e dúró ni.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù náà ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Faransé kọ́kọ́ fòfin de ọ̀rá lára nǹkan bí 30 irú èso àti ẹ̀fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà ní òpin ọdún yẹn, ìjọba tún gbé òmíràn jáde ní 2023. Ní báyìí, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé láti 2030, wọn kò gbọdọ̀ fi pílásítíìkì àlòsọnù di èso tàbí ẹ̀fọ́ tútù tí kò tó kílò kan ààbọ̀. Àwọn tó kọ òfin náà fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè yọ ẹ̀fọ́ kan sílẹ̀ bí ẹ̀rí bá wà pé láìsí ọ̀rá, omi á gbẹ lára rẹ̀. Ẹ̀rí ti kùkúmbà ti wà nílẹ̀ láti 2022.